Ta ló pa Charles Kìíní: owó orí, ẹ̀sìn, àbí ẹnu òun fúnra rẹ̀?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi tó ń lọ sí iléèwé níbí ní Manchester ní iṣẹ́ àṣetiléwá lórí Charles Kìíní, ọba Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n bẹ́ lórí ní 1649. Wọ́n ní kó kọ ìdí tí ọba náà fi bá ilé aṣòfin jà títí tó fi ṣubú. Ọmọ ní owó orí ni. Ọkọ mi ní ẹ̀sìn ni. Àbúrò mi ní Ìbàdàn ní ká yéé tan ara wa, Oliver Cromwell, ọ̀gá nínú àwọn ọmọ ogun ilé aṣòfin, ló fẹ́ gba ipò. Ta ni ká gbà gbọ́? Àti pé báwo tiẹ̀ ni àwọn tí ọba fúnra rẹ̀ pè jọ wá ṣèpàdé ṣe wá di ẹni tó pa á?

* * *

ÈSÌ: Ẹ kọ́kọ́ yọ Cromwell kúrò níbẹ̀ ná. Láti 1625 ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀. Cromwell kò wọ ilé aṣòfin títí di 1628, nígbà tó sì wọlé, kò sẹ́ni tó bìkítà pé ó wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ti ọ̀dọ̀ Cromwell bẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí, ẹ̀yìn ló ti ń ka ìwé bọ̀ wá síwájú.

Èrò tèmi rèé, ẹni tó bá fẹ́ lè takò mí: owó ló dá ìjà sílẹ̀, ẹ̀sìn ló sọ ọ́ di ogun, ṣùgbọ́n ohun tó gbé ọba dé ìdí àáké ni pé nígbà tó fi máa di 1648, ọ̀rẹ́ àti ọ̀tá ò lè gba ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ gbọ́ mọ́. Ẹni tí ẹ kò lè bá ṣàdéhùn, kí lẹ fẹ́ bá a ṣe?

* * *

ÈSÌ: Ó dáa, owó náà rèé, torí ọmọ kò jẹ̀bi.

Láyé ìgbà yẹn, inú ilẹ̀ ọba àti owó ibodè ni ọba ti ń gbọ́ bùkátà ìjọba. Bí ogun bá dé, owó yẹn kì í tó, ó sì di dandan kó pe ilé aṣòfin kí wọ́n fọwọ́ sí owó orí. Ọba ló ń pè wọ́n nígbà tó bá wù ú, òun náà ló ń tú wọn ká. Agbára tó wà lọ́wọ́ wọn kò ju ẹnu àpò lọ: bí wọn ò bá tú u, ogun ò ṣeé jà.

Charles gorí ìtẹ́ ní oṣù kẹta 1625, ogun Spéìn ló sì kọ́kọ́ dojú kọ. Ó ti lé ní 100 ọdún tí ilé aṣòfin ti ń fún ọba tuntun kọ̀ọ̀kan ní owó ibodè orí wáìnì àti ọjà títí di ọjọ́ ikú rẹ̀. Ti Charles, ọdún kan ṣoṣo ni ilé àwọn aṣojú, ìyẹn apá ilé aṣòfin tí wọ́n ń dìbò yàn, fẹ́ fún un. Wọn ò fọkàn tán ààyò rẹ̀, George Villiers, Duke of Buckingham, tó ń kó àwọn ọmọ ogun lọ sójú ìjà tí wọn kì í borí. Ní 1626 wọ́n fẹ̀sùn kan Buckingham láti yọ ọ́ nípò. Kí ni ọba ṣe? Ó tú ilé ká. Lẹ́yìn ìyẹn ló bẹ̀rẹ̀ sí í yáwó túláàsì lọ́wọ́ àwọn olówó ìlú. Ẹni tó bá kọ̀, ẹ̀wọ̀n ni, wọn ò sì ní sọ ẹ̀ṣẹ̀ tó ṣẹ̀ fún un.

Ní 1628 ilé aṣòfin kọ ìwé tí wọ́n ń pè ní Petition of Right. Ohun mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀: kò gbọdọ̀ sí owó orí láìsí àṣẹ ilé, kò gbọdọ̀ sí ẹ̀wọ̀n láìsọ ẹ̀sùn, wọn ò gbọdọ̀ kó sójà sínú ilé ara ìlú, wọn ò gbọdọ̀ fi òfin ológun dájọ́ ará ìlú. Ọba gbà á. Ẹ fi àmì sí ibẹ̀ o, pé ó gbà á. Kò pẹ́ rárá tó ní owó ibodè kò sí nínú ohun tóun gbà, ó sì ń gbà á lọ. Nígbà tó fẹ́ tú ilé ká ní oṣù kẹta 1629, Denzil Holles àti Benjamin Valentine di abẹnugan ilé mú mọ́ àga kó má lè dìde, wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n ka ìpinnu wọn jáde kí ilé tó tú. John Eliot tó jẹ́ aṣáájú wọn kú sẹ́wọ̀n ní 1632.

Lẹ́yìn náà, ọdún mọ́kànlá gbáko, kò pe ilé aṣòfin kankan.

* * *

ÈSÌ: Mo fẹ́ dúró díẹ̀ sórí owó ọkọ̀ ojú omi, torí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń sọ pé "ṣebí owó kékeré ni, kí ló dé tí wọ́n fi ń jà?"

Owó yìí ti wà tipẹ́: bí ọ̀tá bá ń bọ̀ lórí òkun, àwọn ìlú etí òkun máa ń dá ọkọ̀ tàbí owó ọkọ̀ fún ọba. Ní 1634 Charles gbà á lọ́wọ́ wọn bẹ́ẹ̀. Ní 1635 ó ní kí gbogbo orílẹ̀-èdè san án, títí kan àwọn tí kò rí òkun rí láyé wọn. Kò sí ogun. Ọdún tó tẹ̀ lé e, ó tún gbà á. John Hampden ní òun ò san. Owó tí ẹjọ́ rẹ̀ dá lé lórí kò ju ṣílè 20 lọ, bẹ́ẹ̀ olówó ni ọkùnrin náà.

Mo gbé àdúgbò kan ní Èkó rí tí ẹgbẹ́ onílé ti gba owó tíránsífọ́mà. Ọdún tó jó, gbogbo wa san án, kò sẹ́ni tó ráhùn. Ọdún kejì, iná ń tàn dáadáa, wọ́n tún gbé ìwé owó wá láìpe ìpàdé. Bàbá kan tó ní ilé mẹ́ta ládùúgbò yarí. Ó ní bí òun bá san ti ọdún yìí láìsí ìpàdé, a ò ní ṣèpàdé mọ́ láé. Àwọn kan ń pè é ní ahun. Ahun kọ́, Hampden ni.

Adájọ́ 12 ló jókòó lé ẹjọ́ Hampden. Nígbà tí ìdájọ́ jáde ní 1638, méje gbè sẹ́yìn ọba, márùn-ún kò gbè é. Lórí ìwé, ọba borí. Ṣùgbọ́n gbogbo ìlú gbọ́ pé márùn-ún nínú àwọn adájọ́ ọba fúnra rẹ̀ ní kò dáa, àwọn tó ń san owó náà tẹ́lẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn.

* * *

ẸLÒMÍRÀN: Ẹ̀gbọ́n, ẹ ń sọ owó, owó. Èèyàn ò lè máa pa ara wọn nítorí ṣílè 20. Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ló wà ńbẹ̀.

ÈSÌ: Mo ń bọ̀ níbẹ̀, àbúrò. Ẹ̀sìn ló mú ọba padà sọ́dọ̀ àwọn tó ní kọ́kọ́rọ́ àpò.

Ọmọ ọba Faransé, Henrietta Maria, ni Charles fẹ́, ìjọ Àgùdà sì ni obìnrin náà. Ní 1633 ó fi William Laud ṣe bíṣọ́ọ̀bù àgbà Canterbury. Laud fẹ́ kí ìsìn lẹ́wà, kí tábìlì oúnjẹ Olúwa kúrò láàárín ìjọ, kí wọ́n gbé e lọ sí ìlà oòrùn bíi pẹpẹ, kí wọ́n fi igi ṣọgbà yí i ká. Lójú àwọn Píúrítàn, ìyẹn àwọn ọmọ ìjọ tó fẹ́ fọ gbogbo àṣà Àgùdà kúrò nínú ìsìn, Àgùdà ló ń yọ́ wọlé látẹ̀yìn. Ní 1637 wọ́n gé etí William Prynne àti àwọn méjì míì ní gbangba nítorí ìwé tí wọ́n kọ tako àwọn bíṣọ́ọ̀bù. Ẹ má gbàgbé Prynne, ó ṣì ń bọ̀ wá ya gbogbo wa lẹ́nu.

Ọdún yẹn kan náà ni ọba gbé ìwé àdúrà tuntun lọ sí Skọ́tlándì. Ọmọ Skọ́tlándì ni òun fúnra rẹ̀, Dunfermline ni wọ́n bí i sí, ṣùgbọ́n kò bi ìjọ wọn, kò bi ilé aṣòfin wọn. Ní ọjọ́ Àìkú tí wọ́n kọ́kọ́ kà á ní St Giles ní Edinburgh, àga ń fò nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Ní 1638 wọ́n kọ májẹ̀mú láti dáàbò bo ìjọ wọn, èrò rẹpẹtẹ fọwọ́ sí i. Ọba kó ogun lọ bá wọn lẹ́ẹ̀mejì, kò rí wọn mú.

Owó tán. Ní oṣù kẹrin 1640 ó pe ilé aṣòfin, ó sì tú wọn ká lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Skọ́tlándì wọ Newcastle, wọ́n jókòó síbẹ̀, wọ́n ní £850 lójúmọ́ ni kí wọ́n máa san fáwọn títí ọ̀rọ̀ yóò fi yanjú. Ibi tí ọwọ́ ti tẹ ọba nìyẹn. Ilé aṣòfin tó pé jọ ní ọjọ́ 3 oṣù kọkànlá 1640, kò lè tú wọn ká mọ́, torí bí wọ́n bá lọ, ta ni yóò san £850?

* * *

ÈSÌ: Ọdún 1641 ni mo máa ń sọ fún ẹni tó bá ní Charles ò gba nǹkan kan. Ó gbà! Ó gbà pé kí ilé máa pé jọ ní ọdún mẹ́ta-mẹ́ta, ó pè wọ́n tàbí kò pè wọ́n. Ó gbà pé òun ò ní tú ilé yìí ká láìjẹ́ pé àwọn fúnra wọn fẹ́. Owó ọkọ̀ ojú omi parẹ́, kóòtù Star Chamber tí ọba fi ń fìyà jẹ àwọn tó takò ó parẹ́. Bí ìjà bá jẹ́ ti owó orí nìkan, ó yẹ kó parí níbẹ̀.

Kí ló dé tí kò parí? Ẹ wo ọ̀rọ̀ Strafford. Thomas Wentworth, Earl of Strafford, ni ìránṣẹ́ ọba tó lágbára jù. Ilé aṣòfin fẹ́ orí rẹ̀. Ọba kọ lẹ́tà sí i, ó fi ẹnu ọba búra pé ẹ̀mí rẹ̀, ọlá rẹ̀ àti ohun ìní rẹ̀ kò ní bàjẹ́. Èrò bo ààfin, ọ̀rọ̀ di gbọnmi-si-i-omi-ò-to-o, ọba sì fọwọ́ sí ìwé ikú rẹ̀. Wọ́n bẹ́ ẹ lórí ní Tower Hill ní ọjọ́ 12 oṣù karùn-ún. Wọ́n ní ẹsẹ Sáàmù yẹn ló wá sí i lẹ́nu nígbà tó gbọ́: ẹ má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé àwọn ọmọ aládé.

Àwọn ọ̀tá ọba náà ro ọ̀rọ̀ yìí. Bó bá lè ṣe èyí fún ẹni tó fẹ́ràn, kí ni yóò ṣe fún àwa tó kórìíra, lọ́jọ́ tó bá ní ọmọ ogun lọ́wọ́? Nígbà tí Írẹ́lándì wá dìde ní oṣù kẹwàá, tó di dandan kí wọ́n kó ọmọ ogun jọ, ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni pé ta ni yóò ṣe olórí ogun. Gẹ́gẹ́ bí òfin, ọba ni. Ilé ní rárá. Òfin kò tì wọ́n lẹ́yìn níbẹ̀, mo gbà. Ẹ̀rù ló ń bà wọ́n.

Ní ọjọ́ 4 oṣù kìíní 1642, ọba fi hàn wọ́n pé ẹ̀rù wọn tọ́. Ó kó nǹkan bí ọkùnrin 400 tó dira ogun, ó rìn lọ sí ilé aṣòfin láti mú aṣòfin márùn-ún: Pym, Hampden, Holles, Haselrig àti Strode. Ẹ̀sùn ìdìtẹ̀ ló fi kàn wọ́n, pé wọ́n bá Skọ́tlándì lẹ̀dí àpò pọ̀, ẹ̀sùn náà kò sì jẹ́ òfìfo pátápátá. Ó wọlé, ó ní kí abẹnugan jọ̀ọ́ yá òun ní àga rẹ̀. Ó wò yíká, kò rí ẹnì kankan nínú wọn. Wọ́n ti gbọ́, wọ́n ti bá ọkọ̀ ojú omi lọ sí ìgboro London. Ó bi abẹnugan, William Lenthall, pé ibo ni wọ́n wà. Ọkùnrin yẹn kúnlẹ̀, ó ní òun ò ní ojú láti fi ríran, òun ò sì ní ahọ́n láti fi sọ̀rọ̀ níbẹ̀ àfi bí ilé bá ṣe pàṣẹ fún òun. Ọba ní òun rí i pé gbogbo ẹyẹ ti fò lọ.

Ó jáde lọ́wọ́ òfo. Ọjọ́ mẹ́fà lẹ́yìn náà ó fi London sílẹ̀, kò sì tún wọ ìlú yẹn bí ọba mọ́ títí ó fi kú. Láti ọjọ́ yẹn, kò sí ọba tàbí ọbabìnrin kan tó tún wọ ilé àwọn aṣojú nígbà tí wọ́n ń jókòó ìpàdé. Bí ẹ bá ń wo ṣíṣí ilé aṣòfin London lórí tẹlifíṣọ̀n, tẹ́ ẹ rí i tí wọ́n pa ilẹ̀kùn dé mọ́ ìránṣẹ́ ọba lójú kó tó kanlẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mẹta, ohun tí wọ́n fi ń rántí nìyẹn.

* * *

ẸLÒMÍRÀN: Ọ̀yọ́ Mèsì ni wọ́n. Àwa ti ní èyí nílé kí òyìnbó tó mọ̀ ọ́n.

ÈSÌ: Mo máa ń gbọ́ èyí gan-an, mi ò sì gbà á bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni pé Aláàfin kò lè ṣe bó ṣe fẹ́ kí Ọ̀yọ́ Mèsì má yẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ wò. Ṣùgbọ́n Ọ̀yọ́ ní ọ̀nà tí ọba fi ń kúrò. Bí Baṣọ̀run bá ti kéde pé òrìṣà kọ ọba, ìlú kọ ọba, ilẹ̀ kọ ọba, tí wọ́n gbé igbá lọ fún un, ọba mọ ohun tó kàn, ìlú náà mọ̀ ọ́n. Kò sí kóòtù, kò sí lọ́yà. Àṣà ti ṣe ẹjọ́ náà tán kí wọ́n tó bí ẹni tó wà lórí ìtẹ́. Baṣọ̀run náà lè ṣi agbára lò, bí Gáà ṣe rán Aláàfin mélòó kan sọ́run kí Abíọ́dún tó rẹ́yìn rẹ̀ ní 1774, ṣùgbọ́n ọ̀nà náà wà.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ò ní irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti lé ọba kúrò rí, wọ́n ti pa ọba ní kọ̀rọ̀ rí, ṣùgbọ́n òfin wọn sọ pé ọba kì í ṣẹ̀. Òfin ìdìtẹ̀ wọn ti 1352 sọ pé ọba ni wọ́n ń dìtẹ̀ mọ́. Báwo ni ọba ṣe fẹ́ dìtẹ̀ mọ́ ara rẹ̀? Ìdí nìyẹn tí ìgbẹ́jọ́ 1649 fi rí wúruwùru bẹ́ẹ̀.

* * *

ẸLÒMÍRÀN: Ṣé àwọn aṣòfin yìí jẹ́ aṣojú mẹ̀kúnnù ṣá?

ÈSÌ: Rárá. Ní ìgbèríko, ọkùnrin tí ilẹ̀ rẹ̀ ń mú ṣílè 40 wọlé lọ́dún ló ń dìbò. Obìnrin ò sí níbẹ̀. Nígbà tí ogun bẹ̀rẹ̀, púpọ̀ nínú àwọn aṣòfin gan-an gbè sẹ́yìn ọba. Nígbà tí àwọn sójà ní Putney ní 1647 bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè pé kí tálákà náà máa dìbò, Cromwell àti àna rẹ̀ Ireton ló takò wọ́n.

* * *

ÈSÌ: N ò ní fi ogun fúnra rẹ̀ dá yín dúró. Ọba gbé àsíá ogun sókè ní Nottingham ní ọjọ́ 22 oṣù kẹjọ 1642. Nínú ìjà Marston Moor ní 1644 àti ti Naseby ní oṣù kẹfà 1645, ó fìdí rẹmi.

Ohun tó ṣe pàtàkì ní Naseby ni àpótí lẹ́tà. Wọ́n rí ìwé ọba lójú ogun, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde kí gbogbo ayé kà á. Nínú rẹ̀ ni ó ti ń bá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀ bóun ṣe máa kó ọmọ ogun Àgùdà wá láti Írẹ́lándì, lákòókò tó ń sọ fáwọn èèyàn rẹ̀ pé ìjọ Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lòun ń jà fún.

Ní oṣù karùn-ún 1646 ó fà ara rẹ̀ lé àwọn Skọ́tlándì lọ́wọ́. Àwọn yẹn fi í lé ilé aṣòfin lọ́wọ́ ní oṣù kìíní 1647, nígbà tí wọ́n rí apá kan gbà nínú £400,000 tí wọ́n fẹnu kò sí gẹ́gẹ́ bí owó ogun. Láti ìgbà náà ló ti ń bá ẹni mẹ́ta dúnàá-dúrà lẹ́ẹ̀kan náà: ilé aṣòfin, àwọn ọmọ ogun, àti Skọ́tlándì. Àwọn ọmọ ogun gbé àdéhùn kan wá tó rọrùn ju ti ilé aṣòfin lọ, ó fi wọ́n ṣeré. Ó sá kúrò ní Hampton Court, ó dé ilé olódi Carisbrooke ní erékùṣù Wight, wọ́n tún há a mọ́ ibẹ̀. Ní oṣù kejìlá 1647 ó bá Skọ́tlándì mulẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀ kí wọ́n kógun wọlé fún un. Ó tún gbìyànjú àti gba ojú fèrèsé sá lọ, irin fèrèsé há a láyà. Ọba o!

Ogun kejì bẹ́ ní 1648, èèyàn tún kú rẹpẹtẹ. Nígbà tí àwọn ọ̀gá ọmọ ogun pàdé fún àdúrà ní Windsor lọ́dún yẹn, wọn ò pè é ní kábíyèsí mọ́. Charles Stuart, ẹni tó ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, ni wọ́n ń pè é. Wọ́n ní bí àwọn bá padà sílé, yóò jẹ́jọ́ ẹ̀jẹ̀ náà.

* * *

ẸLÒMÍRÀN: Ẹ̀gbọ́n, mo ti mú yín. Ẹ ní kò sẹ́ni tó gbà á gbọ́ mọ́ ní 1648. Ní ọjọ́ 5 oṣù kejìlá ọdún yẹn gan-an, ilé dìbò 129 sí 83 pé kí wọ́n máa bá ọba sọ̀rọ̀ lọ. Àwọn 129 yẹn ńkọ́?

ÈSÌ: Ìbéèrè gidi nìyí, ó sì mú mi dé ọ̀dọ̀ Prynne. Ọkùnrin tí ọba gé etí rẹ̀ yìí ti wọ ilé nígbà náà, òun ló sì dìde tó sọ̀rọ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí pé kí wọ́n gba èsì ọba sí àdéhùn tí wọ́n gbé síwájú rẹ̀. Ṣé torí pé ó gbẹ́kẹ̀ lé Charles ni? Mi ò rò bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rù àwọn sójà ló ń bà á ju ti ọba lọ. Ọba tó ti fọ́ lápá ṣeé ṣọ́. Ta ni yóò ṣọ́ ọmọ ogun tí wọ́n jẹ ní owó oṣù, tí idà wà lọ́wọ́ wọn?

Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Kọ́nẹ̀lì Thomas Pride dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé aṣòfin pẹ̀lú àwọn sójà, ìwé orúkọ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó lé ní 40 tí wọ́n mú, Prynne wà nínú wọn. Ọ̀pọ̀ míì ni wọn ò jẹ́ kó wọlé. Ìyókù ló ṣòfin pé kí wọ́n gbẹ́jọ́ ọba.

Nítorí náà, ìyá wa tẹ́ ẹ béèrè bí àwọn tí ọba pè jọ ṣe pa á: àwọn tó pọ̀ jù nínú wọn kò pa á. Àwọn ọmọ ogun ló pa á, wọ́n sì fi èyí tó ṣẹ́kù nínú ilé ṣe ojú. Ẹ ò ní rí èyí nínú ọ̀pọ̀ ìwé tí wọ́n ń fún ọmọdé kà.

* * *

ÈSÌ: Ìgbẹ́jọ́ bẹ̀rẹ̀ ní Westminster Hall ní ọjọ́ 20 oṣù kìíní 1649. Ilé àwọn ìjòyè kọ̀, wọn ò fọwọ́ sí i. Ilé àwọn aṣojú ní àwọn ò nílò wọn, pé ọ̀dọ̀ ará ìlú ni agbára ti wá. Ẹni 135 ni wọ́n yàn gẹ́gẹ́ bí adájọ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò yọjú rárá. John Bradshaw tó ṣe olórí wọn dé fìlà tí wọ́n fi irin tẹ́ nínú, nítorí ìbọn.

Charles kì í sọ̀rọ̀ geere. Akólòlò ni láti kékeré. Lọ́jọ́ yẹn, kò kólòlò. Ó bi wọ́n pé àṣẹ wo ni wọ́n fi pe òun wá síbẹ̀, kò sì dáhùn ẹ̀sùn títí wọ́n fi dájọ́. Ó ní bí agbára tí kò ní òfin lẹ́yìn bá lè ṣòfin, kò sí ará ìlú kan tí ẹ̀mí rẹ̀ tàbí ohun ìní rẹ̀ dá a lójú. Àwọn kan níbí máa bínú sí mi, ṣùgbọ́n ní ti òfin, òun ló jàre. Ọ̀rọ̀ náà dára jù lọ nínú gbogbo ohun tó sọ láyé rẹ̀, ó kàn jẹ́ pé ohun tí Hampden ń sọ fún un ní 1637 náà nìyẹn.

Ẹni 59 ló fọwọ́ sí ìwé ikú. Ní ọjọ́ 30, níwájú Banqueting House ní Whitehall, wọ́n bẹ́ ẹ lórí. Ẹ̀wù àwọ̀tẹ́lẹ̀ méjì ló wọ̀ nítorí òtútù, kí wọ́n má bàa rò pé jìnnìjìnnì ló ń bá a.

* * *

ẸLÒMÍRÀN: Mo máa ń gba iwájú ilé yẹn lọ síbi iṣẹ́. Ṣé ó ṣeé wọ̀?

ÈSÌ: Mo ti wọ̀ ọ́ rí. Ẹ gbójú sókè bí ẹ bá wọlé. Charles ló ní kí Rubens ya àwòrán òrùlé náà láti yin bàbá rẹ̀, Jémíìsì, tó gbà pé Ọlọ́run ló ń fi ọba jẹ, pé Ọlọ́run nìkan ló lè bi í léèrè. Abẹ́ rẹ̀ ló gbà kọjá lọ síta lọ́jọ́ yẹn. Ọrùn ń dun èèyàn níbi wíwò, àmọ́ nígbà tí mo lọ, wọ́n gbé dígí sílẹ̀ téèyàn lè fi wò ó.

* * *

ẸLÒMÍRÀN: Nítorí náà ilé aṣòfin ló borí.

ÈSÌ: Ó pẹ́ kí wọ́n tó borí. Ní oṣù kẹrin 1653 Cromwell kó sójà wọ ilé aṣòfin yẹn, ó lé gbogbo wọn síta, ó ti ilẹ̀kùn. Ohun tí Charles lọ ṣe ní 1642 tí kò rí ṣe, Cromwell ṣe é ní ìrọ̀wọ́rọsẹ̀. Níbẹ̀ ni àbúrò yín ní Ìbàdàn ti ní ọ̀rọ̀ díẹ̀ sọ. Cromwell kú ní 1658, ọmọ Charles padà jọba ní 1660, wọ́n sì hú òkú Cromwell, wọ́n gbé e kọ́. Ọmọ kejì, Jémíìsì Kejì, tún gbé ìjà baba rẹ̀ wọ̀, ó sá lọ ní 1688. Òfin 1689 ló tó wá sọ ọ́ gbangba pé ọba kò gbọdọ̀ gba owó láìsí àṣẹ ilé, kò sì gbọdọ̀ ní ọmọ ogun nígbà àlàáfíà láìsí àṣẹ ilé. Abala 80 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999, tó ní wọn ò gbọdọ̀ fa owó ìjọba àpapọ̀ yọ àfi bí ilé aṣòfin bá ṣe là á sílẹ̀, ọmọ ìdílé yẹn ni.

Fún iṣẹ́ iléèwé: bí ìbéèrè bá jẹ́ "kí ló dé tí ọba fi pe ilé ní 1640", Skọ́tlándì àti owó. Bó bá jẹ́ "kí ló dé tí ogun fi bẹ́ ní 1642", ta ni yóò di ọmọ ogun mú. Bó bá jẹ́ 1649, kó kọ Naseby, Carisbrooke àti Pride. Kó má da mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, máàkì ibẹ̀ ló máa ń sọnù.

* * *

ẸLÒMÍRÀN: Ta ló gbé àáké gan-an?

ÈSÌ: Ìbòjú ló wà lójú rẹ̀, òun àti ẹnì kejì rẹ̀. Richard Brandon, tó ń ṣe iṣẹ́ yẹn fún London, ni wọ́n máa ń fura sí, kò sí ẹ̀rí tó fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Àwọn tó fọwọ́ sí ìwé ni wọ́n mọ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í pa wọ́n ní oṣù kẹwàá 1660. Edward Whalley, William Goffe àti John Dixwell sá lọ sí Amẹ́ríkà. Dixwell yí orúkọ padà sí James Davids, ó sì ń gbé ní New Haven títí ó fi kú ní 1689.